Oko Di Ibi Àbẹ̀wò: Kí Ni Àlejò Ń Wá, Kí Ni Yóò Kù fún Onílé?

Bí ẹnìkan bá sọ fún àwọn baba ńlá wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ènìyàn yóò fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó di ọkọ́ mú, kí ó kọ ebè méjì péré, kí òógùn sì bò ó, wọn ì bá rò pé àwàdà ni. Ní tiwọn, ebi ló ń lé ènìyàn lọ sí oko, kì í ṣe afẹ́. Síbẹ̀, ọjọ́ náà ti dé. Àwọn òbí tí ń gbé Kútọnu ń wá ibi tí àwọn ọmọ wọn yóò ti rí bí ẹ̀pà ṣe ń ta lábẹ́ ilẹ̀, nítorí pé inú ike nìkan ni àwọn ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo adágún ẹja àti ọgbà ewébẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Paris tàbí Libreville, bí wọ́n bá dé ní ìsinmi, kì í ṣe etí òkun nìkan ni wọ́n ń béèrè mọ́. Wọ́n fẹ́ mọ abúlé tí ìyá àgbà ti wá.

Èyí ni ohun tí èdè Faransé ń pè ní agritourisme, tí àwa lè pè ní ìrìn-àjò afẹ́ sí oko. Àwọn kan nínú wa gbà pé àǹfààní ńlá ni. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ọ̀nà tuntun ni láti sọ àwa àti ohun ìní wa di ohun ìwòran. Ó yẹ kí a gbọ́ ti ìhà méjèèjì.

Ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe ṣáájú wa

Kì í ṣe ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn abúlé ilẹ̀ Faransé ń ṣófo. Àwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ sí ìlú ńlá, ilé àwọn baba wọn sì ń wó. Ní 1951 ni wọ́n ṣí ilé àlejò àkọ́kọ́ irú èyí ní agbègbè òkè Alps: wọ́n tún ilé abúlé ṣe, ará ìlú sì ń háyà rẹ̀ fún ìsinmi. Ní 1955, àwọn onílé bẹ́ẹ̀ para pọ̀ di ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Gîtes de France. Ní 1988, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà dá ètò mìíràn sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Bienvenue à la ferme, láti máa gba àlejò sínú oko gan-an, kí wọ́n máa ta wàrà, oyin àti ẹran fún wọn láìsí alágbàtà.

Ní ilẹ̀ Ítálì, ìjọba ṣe òfin kan ní 1985 lórí agriturismo. Kókó inú òfin náà ló kàn wá jù: iṣẹ́ àgbẹ̀ ni yóò jẹ́ olórí, ìgbàlejò yóò sì jẹ́ àtìlẹ́yìn fún un. Ẹni tí kò dáko kò lè kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí àárín pápá kí ó sì pè é ní oko. Àwọn aṣòfin náà ti rí i pé bí èrè àlejò bá ju èrè irúgbìn lọ, onílé yóò gbàgbé irúgbìn. Nígbà tí kò bá sì sí irúgbìn mọ́, kí ni àlejò yóò wá wò?

Àpẹẹrẹ kan tí kò jìnnà: Songhai ní Àjàṣẹ́

Àwa tí a ń gbé Àjàṣẹ́ kò nílò láti dé Ítálì kí a tó rí oko tí ń gba àlejò. Ní 1985 kan náà ni Godfrey Nzamujo, àlùfáà Àgùdà ti ẹgbẹ́ Dominican, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti ń kọ́ni ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní Ouando. Ilẹ̀ kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àlejò sì ń sanwó kí amọ̀nà mú wọn yí ibùdó náà ká. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, yàrá tí a lè sùn sí wà, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta ohun tí oko náà mú jáde sì wà.

Kí ni àlejò ń rí tí ó fi ń sanwó? Kò rí ààfin, kò rí ẹranko ńlá. Ohun tí ó ń rí ni ọgbọ́n tí ó so iṣẹ́ kan mọ́ èkejì. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran tọ́ ìdin, ìdin di oúnjẹ ẹja, omi adágún ẹja sì ń lọ bomi rin ewébẹ̀. Ìgbẹ́ àti ewéko tí ì bá di ìdọ̀tí ń wọ inú àgbá, ó ń di gáàsì tí a fi ń dáná. Ohun tí ó kù nínú àgbá náà di ajílẹ̀. Kò sí ohun tí a sọ nù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè lóye rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì lè béèrè ìbéèrè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé oko náà kò dúró nítorí àlejò. Bí àlejò kankan kò bá wá lọ́la, ẹja yóò jẹun, ata yóò pọ́n, ọjà yóò sì tà.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ tiwa

Kì í ṣe gbogbo abúlé ni yóò di Songhai, kò sì pọn dandan. Ohun tí àlejò ń wá wà káàkiri ilẹ̀ wa, olúkúlùkù ní àsìkò tirẹ̀.

Láti Àjàṣẹ́ dé Ìtàkété àti Pọbẹ̀, ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Láti ìgbà ẹ̀rùn títí di ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ẹyìn ń pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá dé ìdí ẹbu nígbà náà yóò rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń se ẹyìn, tí wọ́n ń fọ epo, tí wọ́n sì ń sá èkùrọ́ sóòrùn. Lọ́nà kan náà, ó lè yà sí Àjàrá, níbi tí a ti ń mọ ìkòkò tí a sì ń gbẹ́ ìlù, kí ó sì bá ọjà ọrọọrún wọn pàdé.

Ní Kétu, àlejò tí ó bá wá wo Akaba Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ tí ó ṣọ́ ìlú náà, sábà máa ń yà fọ́tò kan kí ó sì padà sínú ọkọ̀. Ta ni ó ń sọ fún un pé ìlú tí ó ní yàrà àti ibodè ní láti ní oko tí yóò bọ́ ọ? Rìn jáde díẹ̀, wàá bá ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Gàrí kò ní àsìkò kan ṣoṣo. Bíbó, rírin, títẹ̀, jíjọ̀ àti yíyan, iṣẹ́ ọdún yípo ni.

Ní Ṣábẹ àti Ìdáàṣà, òkúta ńláńlá ló ń kọ́kọ́ pe ojú. Òkè 41 ni wọ́n ń kà mọ́ Ìdáàṣà. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn òkè náà ni oko iṣu àti oko kajú wà, àwọn Fúlàní darandaran sì ń ṣe wàgáṣì nítòsí. Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Màríà ní Ìdáàṣà. Ní 15 oṣù náà, àwọn aládùúgbò wa Máhì ń ṣe ọdún iṣu ní Savalou. Èrò tí ó ti wà lójú ọ̀nà náà kò ní ṣòro láti pè wá jẹ iyán iṣu tuntun.

Ní Tógò, àwọn ará wa Ifẹ̀ àti Àná tí wọ́n wà ní agbègbè Atakpame kò jìnnà sí ilẹ̀ kọfí àti kòkó. Ní ìhà Kpalimé, ó ti pẹ́ tí àwọn amọ̀nà ọmọ ìlú ti ń mú àlejò rìn nínú oko kọfí àti igbó labalábá. A lè béèrè ọgbọ́n wọn.

Níbi tí ewu wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí a bá fi hàn án ni yóò gbà pé òun rí. Nítorí náà, ẹrù wà lọ́rùn ẹni tí ń fi nǹkan hàn.

Ẹ jẹ́ kí a mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wò. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ láàárín àwọn iṣẹ́ àgbàyanu ọmọ aráyé, ní 2008 ó sì wọ inú àkójọ àjogúnbá tí gbogbo ayé ń dáàbò bò, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọdọọdún lẹ́yìn ìkórè ni a ń ṣe é, a sì tún ń ṣe é ní ìgbà ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀. Èyí ni pé ọmọ oko ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀. Àjọ náà kan náà sì ti kìlọ̀ pé ọ̀kan nínú ohun tí ó lè ba Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ni kí a sọ ọ́ di eré ìtàgé fún arìnrìn-àjò. Bí wọ́n bá ń gbé e jáde ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nítorí pé bọ́ọ̀sì kan dé, kí ni yóò kù fún Ìyá Ńlá ní ọjọ́ tirẹ̀?

Òwe mìíràn ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà. Bí ààlà bá wà láàárín baba àti ọmọ, ó yẹ kí ó wà láàárín onílé àti àlejò. Igbó orò kì í ṣe ibi àbẹ̀wò. Ojúbọ tí a kò ṣí fún ọmọ ìlú pàápàá, a kò gbọ́dọ̀ ṣí i nítorí owó. Ìyá arúgbó tí ń yan gàrí nínú èéfín kì í ṣe àwòrán: kí a kí i, kí a tọrọ àyè, kí a tó gbé fóònù sókè.

Ewu kejì ni owó. Bí amọ̀nà láti ìlú ńlá bá gba gbogbo rẹ̀, tí ẹni tí ó ni oko gba ìgò ọtí kan, ìyẹn kì í ṣe ìdàgbàsókè. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Àlejò mẹ́wàá wá, olúkúlùkù san 3.000 sẹ́fà: ó di 30.000. Bí àwọn obìnrin tí ó se oúnjẹ bá gba 10.000, tí onóko gba 8.000 nítorí àárọ̀ kan tí ó fi sílẹ̀, tí amọ̀nà gba 5.000, tí 4.000 wọ àpótí abúlé, tí 3.000 sì bọ́ sí omi àti ìmọ́tótó, kò sí ẹni tí yóò kùn. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ ìpín náà sílẹ̀ kí àlejò tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti lọ.

Ewu kẹta ni ilẹ̀. Ibi tí àlejò bá ti ń yìn ni olówó ti ń wá ra. Ẹni tí ó bá ta oko baba rẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ilé ìsinmi sí i yóò padà wá síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dẹ̀ alẹ́.

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

A kò nílò owó ńlá. Omi tó mọ́, ilé ìyàgbẹ́ tó ní ilẹ̀kùn, ibòji, àti àga díẹ̀: wọ̀nyí ni àlejò kọ́kọ́ ń béèrè. Lẹ́yìn náà, kí iye owó wà ní kíkọ, ní Yorùbá àti ní Faransé, kí owó oníbo má yàtọ̀ sí ti ọmọ Kútọnu láìnídìí. Kí a sọ òótọ́ nípa ọ̀nà: bí ọkọ̀ kò bá lè dé ibẹ̀ ní ìgbà òjò, kí a sọ pé zẹmijan ni yóò gbé wọn.

Kí iṣẹ́ tí a fi hàn jẹ́ iṣẹ́ tí ó yẹ kí a ṣe lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ àkókò ebè, kí àlejò kọ ebè. Bí ó bá jẹ́ àkókò kajú, kí ó ṣa kajú. Kí a kọ́ ọ bí a ṣe ń kí àgbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́: «Àroko bọ́dún dé o!» Ọmọ tí a bí sókè òkun tí ó bá mọ gbólóhùn yìí ti rí ju fọ́tò gbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí fi sí. Ẹ gbọ́ Faransé, ẹ mọ fóònù lò, ẹ sì lè bá àlejò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀nà tí kò mọ orúkọ igi tí ó dúró lábẹ́ rẹ̀, kí ni yóò fi hàn? Kí iṣu tuntun tó jáde, ẹ mú ìwé kan lọ sí oko ìyá tàbí baba yín àgbà. Ẹ kọ orúkọ oríṣi iṣu tí wọ́n ń gbìn, ti koríko tí wọ́n ń ro, ti ewé tí wọ́n ń já sọ́bẹ̀, ní Yorùbá àti ní Faransé. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbin èyí síhìn-ín, tí wọn kò gbìn ín sọ́hùn-ún. Bí àlejò bá dé, ẹ ti ní nǹkan láti sọ fún un. Bí kò bá sì dé, ìmọ̀ oko náà kò ní bá àwọn àgbà lọ.