Oyin àti Ata: Ẹ Jẹ́ Ká Sun Adìẹ Aládùn Nílé

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ adìẹ sì ni.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí òbí kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù adìẹ díndín tó wà nítòsí ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jáde nílé ìwé, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yà sí. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n fi nǹkan dídùn àti ata kùn lára, tó ń dán, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Tí wọ́n bá wá délé, ọbẹ̀ ìyá wọn ò wù wọ́n jẹ mọ́. "Mọ́mì, mi ò jẹ ẹ̀bà lónìí o." Kí òbí ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé kó wá bá ìkòkò bó ṣe fi í sílẹ̀, kò dùn mọ́ni rárá.

Ariwo ò lè yanjú ẹ̀. Ohun tó lè yanjú ẹ̀ ni kí adìẹ ilé dùn ju ti ìta lọ, kí ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ sì wà nínú sísè rẹ̀.

TIWA NI, KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ

Àwọn ọmọ wa rò pé oúnjẹ àjèjì ni kéèyàn da adùn pọ̀ mọ́ ata. Ẹ bi wọ́n pé kí la máa ń tọ́ wò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ? Oyin ń bẹ níbẹ̀, kí ayé ọmọ lè dùn. Ataare ń bẹ níbẹ̀, nítorí pé hóró inú rẹ̀ pọ̀, kí ọmọ náà lè di púpọ̀. Dòdò tó pọ́n dáadáa, tí a fi ata díndín jẹ ńkọ́? Ọjọ́ pẹ́ tí adùn àti ata ti jọ ń gbé lẹ́nu Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú oyin tó máa di májèlé nínú ìfun ọmọ ọwọ́, tí iṣan ara rẹ̀ á wá rọ. Kò lè ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìfun ọmọ ọwọ́ kò tíì lágbára tó. Nítorí náà, tí a bá ń sọmọ lórúkọ, kí àwọn òbí àti àwọn àgbà tọ́ oyin náà wò dípò ọmọ. Àdúrà á ṣì gbà.

OHUN TÍ A NÍLÒ (fún èèyàn 4)

Itan adìẹ 8, tòun ti awọ àti egungun
Oyin, ṣíbí ńlá 3
Ata rodo 2 (ó pọ̀ ní Rye Lane ní Peckham àti lọ́jà Ridley Road ní Dalston)
Aáyù, ẹyọ 3
Ata ilẹ̀ tútù, kó tó àtàǹpàkò
Tìmáàtì inú agolo tó ki, ṣíbí ńlá 1
Òróró, ṣíbí ńlá 2
Ọsàn wẹ́wẹ́ 1
Iyọ̀, ṣíbí kékeré 1. Kọ́rì àti táìmù díẹ̀

Ọ̀RỌ̀ FÍFỌ ADÌẸ

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ìyá wa ò ní gbà ká se adìẹ láìfọ̀ ọ́. Àmọ́ ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ níbí, Food Standards Agency, kìlọ̀ fún gbogbo ìlú pé ká yé fọ adìẹ tútù. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Campylobacter sábà máa ń wà lára rẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ bá ti bà á, ó ń ta sórí síǹkì, sára aṣọ, sórí abọ́ tí ẹ ti fọ̀. Nínú gbogbo kòkòrò bakitéríà tó ń mú kí oúnjẹ dani nínú rú ní ilẹ̀ yìí, kò sí èyí tó wọ́pọ̀ tó o. Iná ló ń pa á, omi kọ́.

Adìẹ tí a pa lẹ́yìnkùlé la máa ń fọ ẹ̀jẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti kó ìfun rẹ̀ kúrò. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ fi iyọ̀ àti ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́ náà ra á lára nínú abọ́, kẹ́ ẹ fi pépà ìnuwọ́ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ ju pépà náà nù, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Awọ tó bá gbẹ ló ń sun dáadáa.

BÍ A ṢE Ń SUN ÚN

Nílé, a máa ń bọ adìẹ ká tó dín in, nítorí pé adìẹ ìbílẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ adìẹ súpámákẹ́ẹ̀tì níbí kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 lọ tí wọ́n fi pa á. Ó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má bọ̀ ọ́.

1. Ẹ lọ aáyù àti ata ilẹ̀, ẹ pò ó mọ́ kọ́rì, táìmù, ìlàjì iyọ̀ àti ìlàjì òróró. Ẹ fi ra adìẹ lára, kó wà nínú fìríìjì fún wákàtí 2 tàbí mọ́jú.

2. Ẹ tan ófùn tó wà lábẹ́ sítóòfù yín sí 200°C. Tó bá jẹ́ ti gáàsì, nọ́ńbà 6. Ẹ to adìẹ sórí fóìlì, kí awọ kọjú sókè. Ẹ sun ún fún ìṣẹ́jú 30.

3. Ẹ gún ata rodo, kẹ́ ẹ fi òróró tó kù dín òun àti tìmáàtì nínú ìkòkò kékeré títí òórùn tútù á fi lọ. Ẹ wá dín iná kù, ẹ da oyin, omi ọsàn tó kù àti ìyókù iyọ̀ sí i, kó hó fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ má da omi tó ti bá adìẹ tútù gbé mọ́ ọn o.

4. Ẹ gbé adìẹ jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 8. Ẹ tún un kùn, kó tún lo ìṣẹ́jú 7.

Kí ló dé tí oyin fi gbẹ̀yìn? Ṣúgà inú oyin ti ń yí àwọ̀ padà láti bí 110°C, ófùn yín sì wà ní 200°C. Tí oyin bá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ìta á ti jóná, inú á ṣì tutù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nìyẹn, tí wọ́n á ní ófùn ò dáa.

Bí ẹ bá ní tẹmómítà oúnjẹ, ẹ tì í bọ ibi tó nípọn jù, kó má kan egungun. Ó gbọ́dọ̀ tó 75°C. Bí ẹ ò bá ní, ẹ fi ọ̀bẹ gún un: kí omi rẹ̀ mọ́ gaara, kí ẹran má ṣe pọ́n.

IṢẸ́ Ọ̀DỌ̀ Ẹ̀YIN ỌMỌ

Àwọn kékeré lè bó aáyù, kí wọ́n wọn oyin. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ lè pò ó, kí wọ́n sì kùn ún. Ẹ fi ata rodo sílẹ̀ fún àgbà. Ara awọ funfun tó di hóró rẹ̀ mú ni títa rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án tó fi nu ojú, ó dẹkún nìyẹn. Tí ata bá ta yín lẹ́nu, ẹ mu wàrà, omi ò lè pa á. Ẹ̀yin òbí, ẹ bu oyin díẹ̀ sọ́tọ̀ láìfi ata sí i fún ọmọ tí kò lè jẹ ata.

Bí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ máa sọ Yorùbá. Nínú èdè wa, a kì í kàn "se" gbogbo nǹkan: à ń se ọbẹ̀, à ń bọ ẹran, à ń dín dòdò, à ń sun iṣu, à ń yan ẹ̀pà, à ń ro àmàlà, à ń tẹ ẹ̀bà. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú abọ́ kì í tètè gbàgbé.

Àwọn baba wa ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sun adìẹ nílé lè wọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú. Ṣùgbọ́n á mọ ibi tí adùn wà.

Ẹ dán an wò lọ́jọ́ Sátidé. Á gba ibi ire o!