ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ABẸ́ IGI: ÌGBÉ-AYÉ ÀTI Ẹ̀KỌ́ NÍ SANTINIKETAN, NÍ ILẸ̀ ÍŃDÍÀ

Bí a bá dárúkọ yunifásítì, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gàgàrà, gbọ̀ngàn tí àga kún inú rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó dúró níwájú pátákó, àti ìdánwò tí í mú kí àyà ọmọ máa já. Kò sí irọ́ níbẹ̀; bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ yunifásítì rí káàkiri àgbáyé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà tí ó jẹ́ pé abẹ́ igi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí abẹ́ igi sì tún jẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké inú rẹ̀ títí di òní olónìí. Visva-Bharati ni orúkọ yunifásítì náà. Santiniketan ni orúkọ ibi tí ó wà, lẹ́bàá ìlú Bolpur ní ìpínlẹ̀ West Bengal. Láti ibẹ̀ dé ìlú ńlá Kolkata tó nǹkan bí kìlómítà 160.

Kì í ṣe nítorí igi nìkan ni ó fi yẹ kí á gbé ọ̀rọ̀ Santiniketan yẹ̀ wò. Ìbéèrè kan wà nídìí rẹ̀ tí ó kan gbogbo òbí àti gbogbo olùkọ́: ǹjẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ́ ọmọ kí ó gbọ́n, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pa ayọ̀ tí ọmọ náà bá wá sí ilé ayé?

Bí Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1863, ọlọ́lá kan tí ó fẹ́ràn àdúrà àti àṣàrò, Debendranath Tagore, gba ilẹ̀ kan ní agbègbè náà. Ilẹ̀ pupa ni, ó gbẹ, igi kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ó kọ́ ilé kan síbẹ̀, ó sọ ọ́ ní Santiniketan, èyí tí ó túmọ̀ sí ibùgbé àlàáfíà. Ọmọ rẹ̀, Rabindranath Tagore, akéwì, ni ó wá sọ ibẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1901. Àwọn ọmọ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, ọmọ bíbí inú tirẹ̀ sì wà nínú wọn.

Ohun tí ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Rabindranath fúnra rẹ̀ kò gbádùn ilé-ìwé rárá nígbà èwe rẹ̀. Wọ́n fi í sí ilé-ìwé kan, ó kúrò. Wọ́n fi í sí òmíràn, kò dúró. Nígbà tí ó di ọdún 1878, wọ́n rán an lọ sí Ìlú Ọba láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ó padà sílé láìgba oyè kankan. Lójú rẹ̀, ilé-ìwé ayé ìgbà náà dàbí túbú: ògiri mẹ́rin, bẹ́ǹṣì líle, àti ìwé tí a há sórí ní èdè tí ọmọ kò gbọ́ nílé. Ó gbà pé oòrùn, òjò, ẹyẹ àti ewéko jẹ́ olùkọ́, àti pé ọmọ tí a bá yà kúrò lára wọn ti pàdánù ìdajì ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Owó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lórí. Aya rẹ̀, Mrinalini, kó ohun ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ náà má baà tú. Obìnrin náà kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ó fi kú, ní ọdún 1902. Ọkọ rẹ̀ ta ilé tí ó ní létí òkun ní ìlú Puri. Ní ọdún 1913 ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú lítíréṣọ̀, òun sì ni ará Éṣíà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Ní ọdún 1921 ni ó dá Visva-Bharati sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, kí àwọn ọ̀mọ̀wé láti ibi gbogbo lè máa pàdé níbẹ̀ bí ẹyẹ ti ń pàdé nínú ìtẹ́ kan. Síbẹ̀ gbèsè kò tán. Nígbà tí ó ti ń súnmọ́ ẹni ọdún 75, ó ṣì ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé láti fi wá owó. Ní ọdún 1936, Mahatma Gandhi rí i lórí ìrìn-àjò yìí, àánú ṣe é, ó sì bá a rí 60,000 owó rúpìì gbà kí arúgbó náà lè padà sílé lọ sinmi.

Bí Ọjọ́ Ṣe Ń Lọ Níbẹ̀

Orin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Patha Bhavana, tí ó wà nínú ọgbà yunifásítì náà, á péjọ, wọn á sì kọrin pọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Baitalik ni wọ́n ń pe ìpéjọpọ̀ yìí. Lẹ́yìn èyí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ẹní kékeré tirẹ̀, ó di abẹ́ igi tí kíláàsì rẹ̀ ń lò. Olùkọ́ á jókòó sídìí igi, àwọn ọmọ á jókòó yí i ká bí ìgbà tí àwọn ọmọdé bá ń gbọ́ àlọ́. Bí òjò bá dé, wọn á ká ẹní, wọn á sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí àkókò kan bá ti parí, kì í ṣe olùkọ́ ni yóò dìde. Àwọn ọmọ ni yóò gbé ẹní wọn lọ sábẹ́ igi mìíràn.

Orúkọ tí wọ́n ń pe olùkọ́ pẹ̀lú yẹ fún àkíyèsí. Àwọn ará Bengal máa ń fi “da” kún ìparí orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, wọ́n sì ń fi “di” kún ti obìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Santiniketan ṣe ń pe olùkọ́ wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ pé kí á pe ènìyàn ní “bùrọ̀dá” tàbí “àǹtí” nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ̀ pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í mú ìfojúdi wá; ó ń fi ọ̀wọ̀ àti ìfẹ́ sọ́nà kan náà ni. Rabindranath kò gba ẹgba láàyè. Bí ọmọ kan bá ṣẹ̀, àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n yàn sípò onídàájọ́ ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní àṣálẹ́ tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀, ìpàdé mìíràn tún wà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti lè ka ewì tàbí ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ńkọ́? Ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kẹ́kọ̀ọ́, nítorí a kò lè gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì sábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ọgbà náà fẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń gùn lórí ilẹ̀ pupa láàárín òjìji igi. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìsinmi wọn, kì í ṣe Sunday. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà wọ́n máa ń péjọ nínú ilé àdúrà onígíláàsì tí wọ́n ṣí ní ọdún 1891. Kò sí ère òrìṣà kankan níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹlẹ́sìn gbogbo.

Iṣẹ́ Ọwọ́, Orin àti Oko

Ní ibi púpọ̀, ọmọ tí kò bá mọ ìṣirò ni wọ́n ń ní kí ó lọ máa ya àwòrán. Ní Santiniketan kò rí bẹ́ẹ̀. Kala Bhavana, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, ti wà láti ọdún 1919, ọ̀gá ayàwòrán Nandalal Bose sì tọ́ ọ dàgbà. Òun àti àwọn ọmọ Santiniketan ni wọ́n ya àwọn àwòrán tí ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ilé kan wà níbẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kùn. Àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri rẹ̀ yí i ká. Ní ọdún 1938, Ramkinkar Baij fi sìmẹ́ńtì àti òkúta wẹ́wẹ́ pupa ilẹ̀ náà ṣe ère ìdílé Santhal kan tí ń ṣí kiri: bàbá gbé ọ̀pá lé èjìká, ọmọ wà nínú agbọ̀n, ìyá ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ajá ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn Santhal ni aládùúgbò yunifásítì, tálákà ni púpọ̀ nínú wọn. Ère náà dúró ní ìta gbangba, òjò àti oòrùn ń pa á, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà gbàgbé ẹni tí ó yí i ká.

Èrò yìí kan náà ni ó bí Sriniketan ní ọdún 1922. Kìlómítà bíi mẹ́ta ni ó sí Santiniketan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, Leonard Elmhirst, sì ni ó bá Tagore bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibà, gbèsè àti ilẹ̀ tí ó ti ṣá ni ìṣòro àwọn ará abúlé ibẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá wọn lábúlé, wọ́n bá wọn gbógun ti ibà, wọ́n kọ́ iṣẹ́ aṣọ híhun, ìkòkò mímọ àti iṣẹ́ awọ. Láti ọdún 1928 ni wọ́n sì ti ń ṣe ọdún igi gbíngbìn àti ọdún ilẹ̀ títú. Wọ́n máa ń fi orin àti ijó sin ọ̀gbìn kékeré kan lọ sí ibi tí wọn yóò gbìn ín sí, bí ẹni ń sin ìyàwó. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ gbígbẹ ọdún 1863 fi di igbó olójìji.

Èdè abínibí náà kò gbẹ́yìn. Láti ọdún 1892 ni Tagore ti ń kọ̀wé pé kí wọ́n fi èdè Bengali kọ́ ọmọ Bengal, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Sahaj Path ní ọdún 1930. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà.

Ìdánwò àti Ògiri

Àwọn kan lè sọ pé orin àti igi dára, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ni ayé ń béèrè. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Nígbà ayé Tagore pàápàá, àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti jókòó fún ìdánwò Yunifásítì Calcutta kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọdún 1918 ó kọ ìtàn ayékòótọ́ kan tí ọba ní kí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́. Àgò wúrà ni wọ́n kàn fún un, wọ́n sì ń ki ewé ìwé bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí ẹyẹ náà fi kú, gbogbo ènìyàn sì ń yọ̀ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti parí.

Amartya Sen, tí wọ́n bí ní Santiniketan ní ọdún 1933, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní ọdún 1998, kàwé níbẹ̀ ní kékeré. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùkọ́ kan yin ọmọbìnrin kan pé ó ń ronú jinlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì rẹ̀ dára púpọ̀. Níbòmíràn, “nítorí pé máàkì rẹ̀ dára” ni olùkọ́ ìbá sọ. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ń pani, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé níbẹ̀, máàkì kọ́ ni òṣùwọ̀n ọgbọ́n. Satyajit Ray, tí ó di olókìkí nínú fíìmù ṣíṣe, kọ́ àwòrán yíyà ní Kala Bhavana láti ọdún 1940 sí 1942.

Tagore kú ní ọdún 1941. Ní ọdún 1951 ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Íńdíà gba Visva-Bharati gẹ́gẹ́ bí yunifásítì tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni owó oṣù ti dájú, tí kò sí ẹni tí ó tún ń kó ọmọ kiri ìlú nítorí gbèsè. Ṣùgbọ́n òfin bá owó wọlé: ìdánwò, ìwé-ẹ̀rí àti oyè bí ti ibi gbogbo. Èrò ń pọ̀, ìlú sì ń súnmọ́ ọgbà. Ní ọdún 2020, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri yí pápá tí wọ́n ti ń ná ọjà ọdún oṣù Kejìlá ká, ọjà tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti olórin láti abúlé máa ń wá. Àwọn aláṣẹ ní ààbò ọgbà ni àwọn ń wá. Àwọn tí inú ń bí ní kò sí ògiri nínú àlá Tagore. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì fọ́ iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àjọ UNESCO ka Santiniketan mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé.

Ẹjọ́ náà kò tíì tán, kò sì yẹ kí ó tán kíákíá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣètò ilé-ẹ̀kọ́ níbikíbi ni yóò bá a pàdé. Ìwé-ẹ̀rí wúlò, ògiri a sì máa dá olè dúró. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní méjèèjì, tí ọmọ inú rẹ̀ kò mọ orúkọ igi tí ó wà lójúde, tí kò mọ aládùúgbò rẹ̀, tí kò lè kọ orin kan ní èdè ìyá rẹ̀, kí ni wọ́n kọ́ ọ? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.