Bírò Tó Ń Gba Ohùn Sílẹ̀: Ṣé Ó Yẹ Kí A Yáwó Rà Á Fún Ọmọ?

Láti ọdún 1992 tí Ìjọba Àpapọ̀ ti dá Pọ́lì sílẹ̀ ní Ọ̀ffà níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi èrè ọjà rán ọmọ lọ síbẹ̀. Nítorí náà ni a kò ṣe fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ ní ọ́fíìsì wa lóṣù tó kọjá parí sí ọ́fíìsì nìkan.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Ọ̀wọ̀dé mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wá. Níbi tí a ti ń kọ ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe, "bírò" ló wà níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín. A ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, bírò wo ló ń jẹ irú owó báyìí?" Wọn kò bá wa rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní ọmọ àwọn sọ pé olùkọ́ kan a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí òun tó kọ gbólóhùn kan tán, olùkọ́ ti dé ẹ̀kẹta. Bírò kan sì wà lókè òkun, ó ní, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì ń fi í pa mọ́. A tọrọ àforíjì, a sì ṣèlérí pé a ó wádìí rẹ̀.

Òótọ́ ni, bírò náà wà. (Orúkọ ènìyàn ni bírò gan-an: László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì, tó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1938. Láti kékeré ni a ti ń pe orúkọ bàbá yẹn láìmọ̀.) Ilé-iṣẹ́ Livescribe ní California, ní Amẹ́ríkà, ló gbé èyí tí à ń wí jáde ní 2008. Pulse ni wọ́n pè é, dọ́là 149 sì ni wọ́n ń ta èyí tó kéré jù nígbà náà. Echo tẹ̀lé e ní 2010. Ó sanra ju bírò lásán lọ. Kámẹ́rà kékeré wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti bátìrì tó ń gba iná sì wà nínú rẹ̀.

Inú ìwé ni àṣírí rẹ̀ wà o. Àmì kéékèèké bí ẹnu abẹ́rẹ́ ló kún ojú ìwé tí wọ́n ṣe fún un, ojú wa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí wọn. Bí wọ́n ṣe tò ní igun kan yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe tò ní igun mìíràn. Kámẹ́rà yẹn ń ya àwòrán wọn ju ìgbà 70 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí bírò fi ń mọ ojú ìwé àti ìlà tí ó wà nìyẹn. Bí ọmọ ti ń kọ̀wé ni ohùn olùkọ́ ń wọlé, bírò a sì so méjèèjì pọ̀. Tí ọmọ bá délé, tó fi ẹnu bírò kan ọ̀rọ̀ kan tí kò yé e, ohun tí olùkọ́ ń sọ nígbà tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni yóò máa gbọ́.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí wàhálà wà? Lórí ìwé tí à ń rà lọ́jà, yóò kọ̀wé bíi ti àwọn bírò yòókù, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tó wà, kò sì ní lè so ohùn mọ́ ọ̀rọ̀. Ìwé tirẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ máa rà, láti òkè òkun, pẹ̀lú dọ́là. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀rọ ìlọta rí, tó wá páàtì rẹ̀ títí dé Ìlọrin tí kò rí, mọ ohun tí à ń sọ. Kì í ṣe owó bírò nìkan ni ẹ̀yáwó náà, owó ìwé ọdún méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà, irú wọn kò dọ́gba. Livescribe 3 tó jáde ní 2013 kò ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nínú ara rẹ̀, fóònù ló ń bá a gba ohùn. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ olùkọ́. Kò yẹ kí ọmọ gba ohùn àgbàlagbà sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Àwa náà rò ó fún ìpàdé ẹgbẹ́, nítorí ẹni tó bá ti kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé rí mọ bí ẹnu mẹ́ta ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń gba ohùn òun kò ní sọ òótọ́ nípa owó.

Ìwádìí kan tilẹ̀ wà tí Pam Mueller àti Daniel Oppenheimer tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014. Wọ́n rí i pé àwọn tó fọwọ́ kọ̀wé dáhùn ìbéèrè tó gba òye dáadáa ju àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà da ọ̀rọ̀ olùkọ́ kọ lọ. Àwọn mìíràn tún un ṣe lẹ́yìn náà, èsì gbogbo wọn kò sì bára mu. A kò ní gbé e gun orí jù.

Ohun tí a sọ fún ìyá náà nìyí. Kí ọmọ gbàṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́, kó gbé fóònù rẹ̀ síwájú, kó tan ibi tí à ń gbà gba ohùn sílẹ̀. Fóònù yóò máa ka ìṣẹ́jú. Níbikíbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fò ó, kó kọ iye ìṣẹ́jú tó rí sí etí ìwé rẹ̀: 12, 27, 41. Tó bá délé, kó fa ohùn náà dé ibẹ̀, kó gbọ́ ọ. Kò yá tó ti bírò, ṣùgbọ́n ìwé ọjà lásán ló ń lò. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá rárá, tàbí tí ìwé kíkọ ń ni lára gan-an, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lè yàtọ̀. Kí òbí rẹ̀ wá rí wa.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní kí a má tíì ya fọ́ọ̀mù òun o, kí a jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò sáà yìí ná. Ó wà nínú fáìlì wa, orúkọ àwọn onídùúró méjèèjì sì wà lórí rẹ̀.