Bí mi bá wálẹ̀ díẹ̀, orin a fajú ro

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Pobẹ̀ tàbí ní Ṣakẹ́tẹ́ kò ní gbàgbé dò, re, mí. Òun ni a fi ń kọ́ àmì ohùn. Létà kan náà ni ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ní; ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí obìnrin kan bá kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ pé ọkọ́ òun sọnù, tó sì gbàgbé àmì, igbe lè ta nílé.

Àwọn olórin náà ní dò, re, mi tiwọn, ṣùgbọ́n méje ni: dò, re, mi, fa, sol, la, si. Dò ni ilé. Ibẹ̀ ni orin sábà máa ń padà sí. Mi, ohùn kẹta, ni kí ẹ máa ṣọ́. Bó bá wà ní ipò rẹ̀, orin a túraká. Majeur ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé. Bí a bá fà á wálẹ̀ díẹ̀, orin a fajú ro, a di mineur. Kí a gbé gbogbo orin sókè lápapọ̀, bí ìgbà tí obìnrin gba orin lẹ́nu ọkùnrin, kò tó yí i padà bẹ́ẹ̀. Àlàfo tó wà láàrin ohùn kan àti èkejì ló ń ṣiṣẹ́. Onílù mọ èyí: ìyáàlù àti gángan lè ki oríkì kan náà.

Ní 1895, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní London, Samuel Coleridge-Taylor, ọmọ dókítà ará Sierra Leone, kọ orin fún klarinẹ́ẹ̀tì kan àti gòjé Òyìnbó mẹ́rin, ní fa dièse mineur. Wọ́n ní olùkọ́ rẹ̀, Stanford, ti sọ pé kò sẹ́ni tó lè tún kọ irú orin bẹ́ẹ̀ láìtẹ ipasẹ̀ Brahms, ará Jámánì, tó kọ tirẹ̀ ní 1891. Mineur ni ti Brahms náà, ìbànújẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sì fi parí. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò sunkún ní tirẹ̀: agbára ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń sáré, ó ń fò. Mineur nìkan kọ́ ló ń ṣe ìbànújẹ́, nítorí náà. Ìrìn orin wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní 1905 ó tẹ orin mẹ́rìnlélógún jáde fún dùùrù. Ọ̀kan nínú wọn, orin Yorùbá, ti ọwọ́ Victoria Randle ti Èkó wá. Ìyá obìnrin yìí ni Sarah Forbes Bonetta, tí ọmọ ogun Dàhòmì kó lẹ́rú ní Òkè-Ọ̀dàn, lódì kejì ẹnubodè sí Ṣakẹ́tẹ́, ní 1848, nígbà tó wà ní bí ọmọ ọdún márùn-ún. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ọba Gézò fi í ta ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ.

Láìsí àmì kankan ni orúkọ orin náà wà nínú ìwé: Oloba. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gbà pè é. Dùùrù ló ṣì di ohùn rẹ̀ mú.