Ẹni Tí Ó Bá Mọ Ọ̀rọ̀, Kí Ó Mọ Ìtumọ̀ Rẹ̀

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí kí á fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Síbẹ̀, eré kan wà tí wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń tò ó padà lórí pátákó. Scrabble ni orúkọ rẹ̀. Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn ọmọ wa sì fẹ́ràn rẹ̀. A kò bá wọn jà sí i. Ohun tí a fẹ́ bi ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí ni pé: èrè wo ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀ ọ́n tò, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀?

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Alfred Butts, ayàwòrán ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ni ó dá eré yìí sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. James Brunot ni ó sọ ọ́ ní Scrabble ní ọdún 1948. Butts kò ṣàdédé pín lẹ́tà rẹ̀. Ó jókòó ti ìwé ìròyìn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nínú 100 pákó kéékèèké tí ó wà nínú eré náà, 12 ni e, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni q, ẹyọ kan péré sì ni z, tí máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 10.

Ọgbọ́n ni eré náà fẹ́. Ẹni tí a, e, i, n, r, s àti t bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè tò wọ́n sí retains, kí ó tún wọn tò sí nastier, kí ó sì tún wọn tò sí retinas. Bí ó bá lo lẹ́tà méjèèje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, máàkì 50 ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ẹni tí q bá há sí lọ́wọ́ láìsí u kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù: qi ń bẹ, tí í ṣe agbára ìyè lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, qat náà ń bẹ, tí í ṣe ewé tí àwọn ará Yemen máa ń jẹ lẹ́nu. Cwm kò ní fáwẹ̀lì kankan lójú Gẹ̀ẹ́sì, àfonífojì sì ni, láti inú èdè àwọn ará Wales.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ọmọ Nàìjíríà, Wellington Jighere, gba ipò kìíní ní gbogbo àgbáyé nínú eré yìí ní ìlú Perth ní Ọsirélíà. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀, orí gbogbo wa sì wú. Ní ọdún kan náà, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ipò kìíní nínú eré ti Faransé láì lè sọ èdè Faransé. Ó kàn há àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí ni. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni, a kì í ṣe ẹlẹ́gàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni a ń rán ọmọ lọ kọ́ ní ilé ìwé.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé ọmọ tí ó lè fi q gba máàkì lè má mọ ibi tí àmì ń gbé lórí orúkọ baba rẹ̀. Kí ló dé tí a kò fi lẹ́tà tiwa ṣeré? Lẹ́tà 25 ni a ní. A kò ní c, q, v, x àti z, ṣùgbọ́n a ní ẹ, ọ, ṣ àti gb. Kí olùkọ́ ṣe bí Butts ti ṣe: kí ó fún àwọn ọmọ ní ojú ewé ìwé ìròyìn Yorùbá kan, kí wọ́n ka lẹ́tà inú rẹ̀, kí wọ́n sì gé páálí ní ìwọ̀n ohun tí wọ́n bá kà. Wọn yóò rí i pé fáwẹ̀lì wa pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí kọ́ńsónáǹtì kì í tẹ̀lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kì í fi u bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ulé ni ará Èkìtì ń pe ilé.

Àmì ohùn ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Bí ọmọ bá to ọ, k àti ọ, kí olùkọ́ má fún un ní máàkì títí yóò fi fi ẹnu pè é, tí yóò sì sọ ohun tí ó jẹ́. Ọkọ ni baálé ilé. Ọkọ́ ni a fi ń ro oko. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀. Ọ̀kọ̀ ni jagunjagun ń jù. Kí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti borí ẹni tí ó mọ ẹyọ kan, òun àti ẹni tí ó kàn há ọ̀rọ̀ sórí kò sì ní dọ́gba láéláé.

Àwọn kan yóò wí pé èyí yóò fa Gẹ̀ẹ́sì ọmọ sẹ́yìn. Irọ́ ni. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe gba pátákó Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ gbé tiwa kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Páálí, àlùmọ́gàjí àti ojú ewé ìwé ìròyìn kan ni gbogbo ohun tí ó gbà, kò sì sí ilé ìwé tí ó tálákà tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní rí wọn.