Iṣu mélòó? Iṣu wo?

Bí ará Emùré-Ilé kan bá ti ọjà Ọ̀wọ̀ dé, tó ní "Mo ra iṣu," ọ̀rọ̀ ti délẹ̀. Ìbáà jẹ́ ọ̀kan ló rà, ìbáà jẹ́ mẹ́wàá, iṣu kì í yí padà. Bó bá wù ú, á fi "kan", "mẹ́ta" tàbí "náà" kún un. Gẹ̀ẹ́sì kò fi tirẹ̀ ṣe ìfẹ́ inú. Ó di dandan kéèyàn sọ ọ́: "a yam" fún ẹyọ kan, "yams" fún ọ̀pọ̀, "the yam" tàbí "the yams" bí olùgbọ́ bá ti mọ èyí tí à ń wí. "I bought yam" lásán, iṣu sísè inú abọ́ ló máa wá sọ́kàn ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀.

"A" àti "an" kì í bá ọ̀pọ̀ rìn rárá. "The" ń bá ẹyọ àti ọ̀pọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ gbogbo àgbẹ̀ láyé là ń sọ, "farmers" ni, láìsí "the". "The farmers" ti di àwọn àgbẹ̀ kan pàtó.

Ohun tí kò ṣeé kà ló ń dààmú wa jù. Ẹ wo kòkó tí wọ́n ń gbìn lágbègbè wa. Bó bá ti di ọjà, "cocoa" kì í gba "a", kì í gba "s". Àpò la máa kà: "a bag of cocoa", "two bags of cocoa". Bákan náà ni "furniture", "equipment", "information" àti "advice". Àga ṣeé kà, lóòótọ́, àmọ́ "furniture" jẹ́ orúkọ àpapọ̀, nítorí náà "furnitures" tí à ń rí lára pátákó ṣọ́ọ̀bù kò tọ̀nà. "Some advice" là ń wí, kì í ṣe "an advice".

Àṣìṣe kan wà tó máa ń dùn mí tí mo bá rí i nínú ìwé ọmọ tó mọ̀wé: "one of my friend". Nínú ọ̀pọ̀ la ti mú ọ̀kan, ọ̀pọ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ hàn: "one of my friends". Lẹ́yìn "every", ẹyọ ni: "every pupil".

Etí ló ń yan "a" tàbí "an", kì í ṣe ojú: "an hour", "a university", "an SSCE result". Orúkọ ìlú kì í sábà gba "the", nítorí náà "Emure-Ile" àti "Owo" dá dúró. Odò ló ń gbà á: "the Ose River".