655,957: Nọ́ńbà Tó Yẹ Kí Ìdílé Tó Ní Ará Ní Libreville Mọ̀

Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń tajà ní ọjà Mont-Bouët ní Libreville, ẹ ti bá nọ́ńbà yìí pàdé, bí ẹ kò tiẹ̀ kíyè sí i: 655,957. Iye sẹ́fà tó wà nínú 1,000 yúrò nìyẹn, kò lé, kò dín.

Báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín agbára sẹ́fà kù: fránkì Faransé kan, tó jẹ́ 50 sẹ́fà tẹ́lẹ̀, di 100. Nígbà tí yúrò dé ní ọdún 1999, wọ́n so yúrò kan mọ́ 6.55957 fránkì Faransé. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ó di 655.957 sẹ́fà. Kò tíì yí padà láti ìgbà náà. Iye kan náà ni sẹ́fà Cotonou ní, ṣùgbọ́n ẹ má kó o lọ ná ní Gàbọ̀n o: báńkì àpapọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni wọ́n.

Àwọn baba wa tó ń ná owó ẹyọ ìbá kà á báyìí: ọ̀kẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n àti ẹgbàájọ, ó dín mẹ́tàlélógójì. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, ẹgbàájọ sì jẹ́ 16,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 656,000. Ẹ yọ 43 kúrò.

Ẹ wá pe àwọn ọmọ, kí wọ́n gbìyànjú láti pín in. 7 ló parí sí, nítorí náà 2 àti 5 kò lè pín in. Bí a bá ro àwọn ẹyọ nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀, 37 ni, nítorí náà 3 kò lè pín in. 7 fẹ́rẹ̀ẹ́ pín in tán, ó ṣẹ́ ku 1. Bákan náà ni 19. A ń bá a lọ títí a fi dé 769 kó tó gbà: 769 lọ́nà 853 ni. Àwọn méjèèjì yìí fúnra wọn kò sì ṣeé pín mọ́. Ẹgbẹ́ èsúsú tó bá fẹ́ pín owó yìí lọ́gbọọgba láìṣẹ́ku sẹ́fà kan, ó kéré tán, kó ní èèyàn 769!

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Ọmọ tó mọ ìṣirò yóò tètè rí èsì 769 lọ́nà 853. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fún ní 655,957 nìkan, tí a ní kó wá méjèèjì rí, yóò làágùn. Orí ìyàtọ̀ yìí ni Rivest, Shamir àti Adleman gbé àgádágodo RSA kà ní ọdún 1977, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tiwọn lè gùn ju ẹyọ 600 lọ.

Lọ́jọ́ tí ará yín bá fi 1,000 yúrò ránṣẹ́, ẹ rántí 655,957. Bó bá jẹ́ 640,000 ló dé ọwọ́, 15,957 ti bọ́ sọ́nà. Ẹ béèrè ẹni tó mú un, àti ìdí rẹ̀.